Kí Ló Ń Sọ Iye Owó Fáìsì Àtijọ́?

Fáìsì, irin iṣẹ́ tó ń fi ẹnu méjì di nǹkan mú, tó bá ti lo ọgọ́ta ọdún lórí tábìlì iṣẹ́ kì í ní iye kan tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò sí. Ẹni tó fẹ́ tà á á ní irin ayé àtijọ́ ni, wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ẹni tó fẹ́ rà á á ní àlòkù ni, ó ti gbó. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó sọ iye tó yẹ kí ọjà náà jẹ́. Èrò tèmi ni pé láti ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń pinnu iye tó tọ́ fún fáìsì àlòkù: èyí tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ṣé ó ṣe é tún ṣe níbi tí wọ́n ti ń rà á àti lásìkò tí wọ́n ń rà á, èló sì ni àtúnṣe náà yóò gbà? Ọjọ́ orí, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti bó ṣe wúwo tó, ẹ̀yìn ìbéèrè yìí ni gbogbo wọn ń tò sí. Ìtàn irin iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ló sì fi èyí hàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Henry Maudslay, ẹni tí Samuel Smiles kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé kan tó jáde ní 1863. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Maudslay nígbà tí Joseph Bramah, tó ń ṣe àgádágodo ní Lọ́ńdọ̀nù, ránṣẹ́ pè é láti ilé iṣẹ́ ohun ìjà ọba ní Woolwich. Ọ̀rọ̀ di wàhálà nígbà tó débẹ̀, nítorí pé kò lo ọdún méje lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ bí òfin àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbà náà ṣe là á kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rù pé àwọn òṣìṣẹ́ tó kù kò ní gbà á láàárín ara wọn. Maudslay wo fáìsì kan tó ti jẹ tán lórí tábìlì, ó ní bí òun bá tún un ṣe tó padà bọ̀ sípò kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, ṣé wọn yóò gba òun síṣẹ́? Wọ́n gbà. Ó bọ́ aṣọ sílẹ̀, ó lẹ sìtíìlì tuntun mọ́ ẹnu fáìsì náà nínú iná, ó fi fáìlì fá a, ó gé eyín tuntun sí i, ó mú un le nínú iná àti omi, ó sì tò ó padà kí àsìkò tó pé. Wọ́n gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ òun ló di ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ Bramah, ó ń gba ọgbọ̀n ṣílè lọ́sẹ̀. Nígbà tó bẹ̀bẹ̀ fún àfikún tí wọ́n kọ̀, ó kúrò ní 1797, ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni ńlá nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ ká fà yọ nínú ìtàn yìí ni wákàtí tí àtúnṣe náà gbà. Fáìsì tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti kà sí ohun tó ti parí, kò gbà ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra fáìsì náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, iye tó yẹ kó san ni iye fáìsì tó péye, kó yọ owó iṣẹ́ ọjọ́ kan àti ègé sìtíìlì kékeré kúrò nínú rẹ̀. Ìdí tí ìṣirò yìí fi rọrùn báyẹn ni pé irin tí alágbẹ̀dẹ fi òòlù rọ ni wọ́n fi ń ṣe fáìsì nígbà náà. Fáìsì ẹlẹ́sẹ̀ ni: ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, kí ẹni tó ń lu irin lórí rẹ̀ má baà fọ́ tábìlì. Ohun tí iná rọ, iná lè tún un rọ. Bí ẹnu bá jẹ, wọ́n á lẹ òmíràn mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀, wọ́n á nà án. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀n ta á, bí wọ́n ṣe ń ta owú tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin lé. Lára owú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ sí i: èkíní jẹ́ páùn 112 lọ́nà iye tó bá wà níbẹ̀, èkejì jẹ́ páùn 28, ẹ̀kẹta jẹ́ páùn lásán. Owú tí wọ́n kọ 1 0 14 sí lára, páùn 126 ni. Ìwọ̀n yìí ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ owó láàárín àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà.

Síbẹ̀, nígbà yẹn náà, ìwọ̀n nìkan kò tó. Ibì kan wà lára fáìsì ẹlẹ́sẹ̀ tó lè tan ẹni tó bá gbójú lé òṣùwọ̀n jẹ: inú ihò tí síkúrù ń wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ ni pé wọ́n á wé ọ̀já irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ síkúrù, wọ́n á ti í bọ inú páìpù irin, wọ́n á sì fi idẹ yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú rẹ̀, kó lè di eyín tí síkúrù yóò máa gùn. Bí idẹ yìí bá tú, fáìsì á máa yí lásán, kò ní di nǹkan kan mú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fúyẹ́ sí i lórí òṣùwọ̀n rárá. Nígbà tí Peter Wright, ará Dudley, ń ṣe fáìsì tirẹ̀, tó gé eyín inú ihò náà látinú irin gidi dípò kó lẹ̀ ẹ́, ohun tó ń tà fún ayé ni ìfọ̀kànbalẹ̀ lórí ibi tí ojú kò tó. Àwọn ènìyàn sì sanwó fún un.

Ìyípadà tó tóbi jù dé nígbà tí irin tí wọ́n yọ́ dà sínú yanrìn gba ipò irin tí wọ́n fi òòlù rọ, pàápàá ní Amẹ́ríkà, láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ. Charles Parker ní Meriden, ìpínlẹ̀ Connecticut, tó ti ń ṣe ọlọ kọfí tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn tó sọ fáìsì orí tábìlì di ọjà gbogboogbò. Athol Machine Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1868 ní Massachusetts nítorí ẹ̀rọ tó ń gé ẹran, bọ́ sórí fáìsì, kí ilé iṣẹ́ Starrett tó rà á ní 1905. Irin dídà yìí jẹ́ kí fáìsì rọjú, ó jẹ́ kí ó lẹ́wà, ó sì jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jọra wọn láìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó mú àìsàn tuntun wá. Irin dídà lásán kì í tẹ̀. Ńṣe ló máa ń sán. Ẹni tó bá fi òòlù ńlá lu irin lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí ti ẹlẹ́sẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí igun kan yóò là. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè lẹ̀ ẹ́ padà nínú iná bí Maudslay ṣe lẹ sìtíìlì mọ́ ti Bramah. Láti ìgbà yẹn ni ìdájọ́ owó fáìsì àlòkù ti pín sí méjì: ìbàjẹ́ tó ṣe é pààrọ̀, àti ìbàjẹ́ tó pa á. Sìtíìlì ẹnu tí síkúrù kékeré tàbí pín-ìn-nì mú mọ́ ara irin, ó ṣe é pààrọ̀. Ara fúnra rẹ̀ kò ṣe é pààrọ̀. Ìwọ̀n kan náà ni fáìsì tó sán àti èyí tí kò sán jọ ní, àmọ́ ohun tí ìkan wúlò fún kò ju pàǹtí irin lọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ mọ èyí, wọ́n sì wá ọ̀nà láti fi orúkọ àti nọ́ńbà dípò ìwọ̀n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Parkinson ní Shipley, lẹ́bàá Bradford, gbé fáìsì kan jáde tí wọ́n ń pè ní Perfect: apá kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó ń yọ nọ́ọ̀tì kúrò lára síkúrù, kí ẹnu lè wọ́ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan láìjẹ́ pé ènìyàn ń yí ọwọ́ títí. Ìdílé Hampton ní Sheffield, tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1898, ló fi orúkọ Record sára fáìsì aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé ti mọ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ń fẹ́ Record nọ́ńbà 3, ẹnu ínǹṣì mẹ́rin ló ń sọ, láìní fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Àǹfààní nọ́ńbà yìí ju ti rírà lọ. Nígbà náà, bí síkúrù Record rẹ bá jẹ, wàá kọ̀wé sí Sheffield, wọ́n á fi òmíràn ránṣẹ́, á sì wọ̀ ọ́. Whitworth, ẹlẹ́rọ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti dá ìwọ̀n kan sílẹ̀ fún bọ́ọ̀tì láti 1841, ṣùgbọ́n síkúrù ńlá inú fáìsì kò sí lára rẹ̀; oníkálukú ilé iṣẹ́ ló ń gé tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá wà láàyè, orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìlérí pé fáìsì tó jẹ ṣì lè padà bọ̀ sípò. Ohun tí orúkọ ń fi kún owó nìyẹn, mi ò sì rò pé ohun kékeré ni.

Wilton lọ jìnnà jù wọ́n lọ. Hugh Vogl, tó ṣí wá láti Czechoslovakia, ló dá a sílẹ̀ ní Chicago ní 1941. Ó bo síkúrù àti nọ́ọ̀tì pátápátá sínú ọ̀pá irin roboto tó rí bí ọta ìbọn lẹ́yìn, tí erukutu irin àti iyanrìn kò fi lè wọlé jẹ eyín rẹ̀. Èyí ni ìdí tí fáìsì Wilton tó ti pé àádọ́rin ọdún fi sábà máa ń ní síkúrù tó ṣì dára ju ti ọ̀pọ̀ tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ lọ. Wọ́n tún máa ń tẹ ọjọ́ sí abẹ́ irin rẹ̀. Àwọn tó ń tà á máa ń ṣi ọjọ́ yìí kà lónìí. Lára àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni. Lára àwọn tó tẹ̀ lé wọn, ọjọ́ tí ìfọwọ́sọ̀yà ọdún márùn-ún yóò parí ni. Èyí tí wọ́n tẹ 5-62 sí, oṣù karùn-ún 1957 ló kúrò ní ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá fi ọdún yẹn dá iye lé e, ó ti fi ọdún márùn-ún ṣì í. Àmọ́ ohun tó jẹ mí lọ́kàn níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sára irin, pé ọdún márùn-ún ni òun lè dá a lójú. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá rà á ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Èsì tí àwọn tó fẹ́ràn orúkọ máa ń fún ọ̀rọ̀ yìí ni pé irin àtijọ́ dára ju ti òde òní lọ, nítorí náà kí wọ́n kan sanwó orúkọ náà ló tọ́. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Irin tí Wilton fi ṣe fáìsì rẹ̀ le, ó sì rọ̀ díẹ̀, kì í sán bí irin dídà lásán. Fáìsì tuntun olówó pọ́ọ́kú kò ní ànfààní yẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ máa ń kọjá ilé iṣẹ́ tó ni ín. Record ti kúrò lọ́wọ́ ìdílé Hampton tipẹ́tipẹ́, ó sì wá bọ́ sábẹ́ ilé iṣẹ́ Irwin. Parker ti kógbá wọlé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ti kú, ìlérí pé síkúrù mìíràn ṣì wà ní Sheffield tàbí Meriden ti kú pẹ̀lú rẹ̀. A ti padà sí ọjọ́ ayé Bramah: síkúrù kan, nọ́ọ̀tì kan, kò sí ìkejì wọn. Fáìsì olórúkọ ńlá tí síkúrù rẹ̀ ti jẹ lè wá di ohun tí kò níye tó fáìsì aláìlórúkọ tí tirẹ̀ ṣì dára. Orúkọ ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́jọ́ kìíní. Kò sọ ohun tí ogójì ọdún ti fi í ṣe.

Àtakò tó lágbára ju èyí lọ ni ti àwọn tó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ iye tó tọ́. Iye tí ẹni tó ń rà á àti ẹni tó ń tà á bá jọ fẹnu kò sí, òun náà ni iye. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì mọ ohun kan náà nípa ọjà náà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tuntun lè bo ojú ibi tó sán, bẹ́ẹ̀ ni owó tí wọ́n fẹnu kò sí lórí irú fáìsì bẹ́ẹ̀, lórí fáìsì mìíràn ni wọ́n ti fẹnu kò, èyí tí kò sí níwájú wọn. Yàtọ̀ sí èyí, ìtàn fi hàn pé ọjà lè yí padà láìjẹ́ pé fáìsì kankan yí padà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ti ìlẹ̀kùn ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n máa ń ta gbogbo irin iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan kí ilé lè ṣófo. Iye tí fáìsì lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ti pàǹtí, nítorí pé ààyè ilé ni ẹni tó ń tà á ń wá, kì í ṣe iye irin. Ohun tí ọjà san lọ́jọ́ kan jẹ́ ẹ̀rí. Kì í ṣe ìdájọ́.

Ìṣirò tó tọ́ ṣe é ṣe. Ká ní fáìsì kan tó péye ń lọ ní 150 dọ́là, tí èyí tó wà níwájú wa sì nílò sìtíìlì ẹnu tuntun ní 20 dọ́là, àti síkúrù àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n máa gé lórí ẹ̀rọ léètì ní 70. Ohun tó kù jẹ́ 60, a ó sì tún yọ díẹ̀ fún ohun tí ojú kò lè rí kí a tó tú u. Láti mọ àwọn nǹkan tó yẹ ká yọ yìí ni gbogbo ìyẹ̀wò wà fún. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ títí ẹnu yóò fi pa dé, kí ẹ sì yí i padà. Bí ọwọ́ bá yí díẹ̀ kí ẹnu tó sún, ẹ di ẹnu náà mú kí ẹ fà á: bí orí síkúrù bá ń wọlé wọ̀de níbi àmúdúró rẹ̀, wọ́ṣà lásán ló jẹ, owó kékeré ni. Bí àmúdúró bá dúró gbọin tí ẹnu ṣì ń mì, inú nọ́ọ̀tì ni. Ẹ yọ síkúrù jáde pátápátá. Orí eyín rẹ̀ yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ó bá ti di ṣóńṣó, iṣẹ́ léètì ti dé. Fún ibi tó sán, ọ̀nà kan wà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù rélùwéè máa ń lò láyé àtijọ́ láti fi wo ọ̀pá àgbá ọkọ̀ ojú irin: ẹ ta epo fẹ́lẹ́ sí igun abẹ́ ẹnu àti ibi tí ìdí ti kan tábìlì, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ẹfun lẹ́búlẹ́bú pa á. Epo tó ti wọ inú ìsán yóò jẹ́ jáde padà, yóò sì fa ìlà dúdú sójú ẹfun funfun náà. Ẹ tún fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà níbi tó bá nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìlà pupa rúsúrúsú ti idẹ bá hàn lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ti lẹ̀ ẹ́ rí. Fáìsì tí wọ́n fi idẹ lẹ̀ lè ṣiṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe san owó èyí tó péye fún un.

Ibi tí a bá wà náà tún ń yí ìṣirò yìí padà. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń la rélùwéè láti Èkó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896 tó sì dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí i ní 1901, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irin iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù Èbúté Mẹ́ta ti ń wá, nípasẹ̀ àwọn tí ìjọba yàn láti máa bá ilẹ̀ amúnisìn ra ọjà. Síkúrù tó bá jẹ ní Èbúté Mẹ́ta, bí wọ́n bá máa dúró de ti Sheffield, ojú òkun ló máa gbà. Ẹni tó lè gé e sórí léètì nílé ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ló rí lónìí ní ọjà Owódé Onírin ní Èkó, níbi tí irin àlòkù láti gbogbo ayé ti ń dé. Fáìsì tí ará Chicago máa sọ nù nítorí pé owó ẹni tó máa gé síkúrù rẹ̀ ju owó tuntun lọ, ní Èkó ó ní iye, nítorí pé owó iṣẹ́ ọwọ́ kéré sí owó irin tuntun. Àwọn kan á ní èyí fi hàn pé iye tó tọ́ kò sí, nígbà tó jẹ́ pé ó yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí: ìbéèrè náà ò yí padà, ìdáhùn rẹ̀ ló yí, nítorí pé owó àtúnṣe yí. Níbi kan náà sì ni gbogbo ìlú ti bára dọ́gba: fáìsì tí ara rẹ̀ sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàǹtí ni ní Chicago, pàǹtí náà ni ní Owódé.

Àwọn tó kù tí mi ò tíì dá lóhùn ni àwọn tó ń kó irin àtijọ́ jọ láti fi wò. Wọ́n ní àtúnṣe ń ba nǹkan jẹ́ fún àwọn, pé ọ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìpata àtijọ́ ni àwọn ń sanwó fún. Ìfẹ́ wọn ni, kò sì burú; àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń san owó gọbọi lé lórí. Fáìsì tí Joseph Emmert ní Waynesboro, Pennsylvania, gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1891, èyí tó ń yí, tó ń dagun, tó sì ń dorí kodò fún àwọn tó ń gbẹ́ igi tí wọ́n fi ń da irin, ó wà lára èyí tí wọ́n ń wá jù. Ó ní àwọn ègé kéékèèké tó rọrùn láti sọnù. Ẹni tó bá ní Emmert tó pé lọ́wọ́, owó ńlá ló máa gbà. Ẹni tí tirẹ̀ kò ní irin kékeré tó ń ti ẹnu rẹ̀ mú, iye rẹ̀ á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá sì ní irin kékeré yẹn nìkan ṣoṣo láìní fáìsì, àwọn olùkójọ á máa wá a kiri. Àwọn náà ń ṣe ìṣirò ohun tó sọnù àti ohun tó máa gbà láti rí i padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà ni wọ́n ń pè é.